Ibi Tí Iná Láìnì Kẹrin Ń Gbà Lọ

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kejì

Mi ò tíì gbé báàgì mi sílẹ̀ tí Máníjà fi pe ìpàdé. Ó kọ 41 gàdàgbà sára pátákó, ó fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún iná tó ń jáde ní ibùdó wa gba Láìnì Kẹrin, mọ́kànlélógójì ni mítà ẹnikẹ́ni ò kà. "Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, mo fẹ́ rí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n," ló wí. "Tí mi ò bá rí i, wọ́n á gba láìnì yìí lọ́wọ́ wa fún agbaṣẹ́ṣe, kálukú á sì mọ ibi tó máa forí lé."

Mo ní kó jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ wáyà wò, pé wáyà tó ti gbó máa ń jẹ iná. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà kì í jẹ iná, èèyàn ló ń jẹ ẹ́. Ó wá mú rúlà, ó fi tọ́ka síbi tí àdánù náà ti fò sókè: oṣù kẹwàá ìdúnta. "Ẹ lọ wá ẹni tó ra ẹ̀rọ ńlá lóṣù yẹn."

Mo mọ ẹni tó ra ẹ̀rọ ńlá lóṣù yẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀, èmi gan-an ni mo gbàdúrà lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, wẹ́dà tó ń jó irin ní ìkángun òpópónà.

Ooru yìí kọjá àfẹnusọ. Búrẹ́dì tún ti gbówó lórí.

Ọjọ́rú, 4

Èmi àti Baba Àkàbà rin láìnì náà láti orí dé ìdí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń gun òpó. Ìgbà tó bá gbé àkàbà lé èjìká nìkan ni ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń tọ́. Èmi mú ìwé àti ẹ̀rọ ìwọ̀n, òun mú àbẹ́là. Ó so àbẹ́là mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó ń fi kan ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àbẹ́là bá ti yọ́, ìso ibẹ̀ gbóná nìyẹn, iná ń ṣòfò níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Mọ́kànlá ló yọ́ ọ. Ọ̀kan wà níwájú ilé ìwé tó jẹ́ pé kí ọ̀pá tó dé ibẹ̀ dáadáa ni àbẹ́là ti ń kán sílẹ̀.

"Ìyá Mítà, ṣẹ́ ẹ rí i?" ni baba wí. "Bí iná ṣe ń lọ nìyí. Olè kankan ò sí níbí, àfi ọwọ́ wa tí ò le."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Tìtorí kíkọ sílẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè mí lórúkọ yẹn. Ohun tí mo bá ti kọ, ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Àbámẹ́ta, 7

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá. Fọ́tò mi wà lára ògiri níbi tó máa ń wà, èyí tí mo yà lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí, nínú férémù irin tí òun fúnra rẹ̀ jó pọ̀. Oníbàárà tuntun kan wà níbẹ̀, Bọ̀dá sì ti bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀.

"Àbúrò mi rèé! Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo iná tó ń wọ àdúgbò yìí, abẹ́ bírò rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ọkọ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún mi ni mo tà tó fi kàwé. Látìgbà yẹn ni mo ti ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ wo gìgísẹ̀ bàtà mi!"

Oníbàárà rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bi í nípa mítà rẹ̀, ẹnu mi ò gbà á. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ bóyá ó ń jí iná? Mo mu omi tó bù fún mi, mo bá tèmi lọ.

Ìṣẹ́gun, 10

Máníjà fúnra rẹ̀ ló ṣáájú wa lọ yẹ mítà wò lónìí. Nígbà tí a dé ti Bọ̀dá, kò sí síìlì níbẹ̀. Okùn wáyà tín-ín-rín tó yẹ kó di ìdérí mítà náà, a ò rí i. Bọ̀dá ti lọ ra irin, kò sí nílé.

"Oṣù tó ra ẹ̀rọ ni àdánù gòkè," ni Máníjà wí, "mítà rẹ̀ ò sì ní síìlì. Kí lẹ tún ń wá? Àbí torí pé ẹ̀gbọ́n yín ni?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ní rárá, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Orúkọ mẹ́rin ló wà nínú ìwé tí Máníjà kọ pé ká já iná wọn, tirẹ̀ ló ṣìkejì. Mo sọ fún ara mi pé nọ́ńbà kì í purọ́, mo sì fọwọ́ sí i.

Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lọ́la pé wọ́n fipá mú mi. Ẹnikẹ́ni ò dì mí lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́bọ̀, 12

Wọ́n já iná rẹ̀ láàárọ̀. Kò pọn dandan kí n lọ, mo lọ, kí wọ́n má baà ní mo sá pamọ́. Baba Àkàbà ló gun òpó, kò wojú ẹnì kankan. Géètì ilé ìwòsàn ni Bọ̀dá ń jó lọ́wọ́ nígbà tí iná kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó jáde síta. Àwọn aládùúgbò náà ti jáde. Máníjà lẹ ìwé pupa mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀: OLÈ INÁ.

Bọ̀dá ò wo Máníjà. Èmi ló wò. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ló wí. Ẹni tó pọ̀n mí sẹ́yìn ló ń kí mi bí ẹni tó ń kí àlejò. Ó wá ní, "Ẹ ò tiẹ̀ bi mí."

Ó wọlé padà.

Ẹtì, 13

Mi ò lè jẹun. Mo lọ síbi iṣẹ́.

Àìkú, 15

Màámi ránṣẹ́ pè mí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Wọ́n ní o fọwọ́ sí i."

"Màámi, iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ni. Nígbà tó ta ọkọ̀ bàbá rẹ̀, kí ni tìyẹn? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìwọ wá fi bírò júwe rẹ̀." Ó gbé omi fún mi. "Mu ún, kó o máa lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ wá kí mi, mi ò sì mọ bí màá ṣe jókòó sáàárín yín."

Mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó yà fún mi kí n kọjá, bí wọ́n ṣe máa ń yà fún ọlọ́pàá.

Ọjọ́bọ̀, 19

Iṣẹ́ nìkan ni mo rí sá sí. Wáyà iná mẹ́ta ló wà lórí òpó kọ̀ọ̀kan, ó sì yẹ kí àwọn ilé pín ara wọn sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Mo gbé ìwé, mo kà wọ́n lónìí láti òpó dé òpó. Ilé igba ó lé mẹ́fà. Àádọ́jọ ó lé méjì nínú wọn ló rọ̀ mọ́ wáyà ìsàlẹ̀ nìkan! Wáyà ìsàlẹ̀ ń gbóná bí ààrò, àwọn méjì òkè ń gbatẹ́gùn. Kò sí bí iná ò ṣe ní ṣòfò.

Mo bi Baba Àkàbà pé irú ìsokúso wo nìyí. Ó ní ọdún kejìdínlógún rèé, òun àti ọ̀rẹ́ òun kan wà lórí òpó kan náà. Ọ̀rẹ́ òun na ọwọ́ kọjá wáyà ìsàlẹ̀ kó lè so ilé kan mọ́ tòkè. Àwọn ti ibùdó ti ní àwọn ti pa iná. Wọn ò pa iná kankan; orí òpó yẹn ni ọ̀rẹ́ òun kú sí.

"Látìgbà náà, gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́, ìsàlẹ̀ ni mo ní kó máa so ilé mọ́. Ẹni tó bá na ọwọ́ kọjá, màá lé e kúrò lórí àkàbà. Èmi ni mo kọ́ wọn, Ìyá Mítà. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀."

Mi ò kọ ọ́. Orúkọ tí mo ti kọ sílẹ̀ lóṣù yìí tó mi. A fẹnu kò pé àá máa pa iná òpópónà kọ̀ọ̀kan fún wákàtí mẹ́ta láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ á fi kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ti ń tàn án sápò, ká lè máa pín àwọn ilé náà. Àwọn ará àdúgbò á bú wa. Kí wọ́n máa bú wa.

Ọjọ́ Ajé, 2 oṣù kẹta

Ìṣirò oṣù kejì jáde: 40. A ti tún ìso mọ́kọ̀ọ̀kànlá ṣe, "olè" mẹ́rin ti wà lókùnkùn láti ọjọ́ méjìdínlógún, ẹyọ kan péré ló wálẹ̀.

Mo sọ fún Máníjà pé bó bá jẹ́ Bọ̀dá ló ń jẹ iná yẹn, ó yẹ kí àdánù ti já wálẹ̀ bí ẹni jábọ́ lórí igi. Ó ní àwọn olè ṣì kù ni, kí n wá orúkọ méjìlá mìíràn. Mo ní mi ò ní fọwọ́ sí ìwé kankan títí a ó fi parí pípín àwọn ilé.

"Kò burú," ló wí. "Ẹ ṣáà máa rántí pé ẹ ti fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́."

Ó mọ ibi tó ń dùn mí.

Ọjọ́rú, 11

Dízù gbówó lórí lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bọ̀dá ti ń fi jẹnẹrétọ̀ tó yá ṣiṣẹ́, èéfín ń jáde, owó dízù ń jẹ owó iṣẹ́. Ilé ìwòsàn ti wá gbé géètì wọn lọ fún wẹ́dà mìíràn. Wọ́n ní àwọn ò lè gbé iṣẹ́ fún olè. Wọ́n sọ ọ́ báyẹn, lójú rẹ̀.

Mo gba òdìkejì títì kọjá. Fọ́tò mi ò sí lára ògiri mọ́. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ògiri yòókù lọ, mo rí i láti ibi tí mo dúró sí.

Ìṣẹ́gun, 24

A parí pípín àwọn ilé lónìí. Baba Àkàbà gbé àbẹ́là sára ìso iwájú ilé ìwé, ó dì í mú síbẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Kò yọ́. Baba ọlọ́dún méjìlélọ́gọ́ta jó díẹ̀ nídìí òpó. Ìyá àgbà kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ̀yin ẹlẹ́tíríkì, mo ti ń bú yín láti àárọ̀ o, ṣùgbọ́n fáànù mi ti ń fẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun!" Mo rẹ́rìn-ín, ohùn ara mi ya mí lẹ́nu.

Ọjọ́rú, 1 oṣù kẹrin

37. Mo tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mẹta. 37.

Gbogbo ohun tí mo fojú rí lórí òpó ló ní kò yẹ kó tó bẹ́ẹ̀. Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti oṣù kejì. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo fi èèyàn kọ̀ọ̀kan sídìí tiransifọ́mà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lórí láìnì náà, mo ní kí wọ́n wọn iná tó ń wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A rò ó pọ̀: àádọ́jọ. Ìwé ibùdó wa ní igba ló jáde ní aago mẹ́rin yẹn. Àádọ́ta ti pòórá kó tó dé tiransifọ́mà kankan, bẹ́ẹ̀ láàárín ibùdó sí ibẹ̀, ilé kan ò sí, ẹyẹ nìkan ló ń bà lé wáyà. Ẹyẹ kì í jórin.

Mo lọ sí ibùdó. Mítà tó wà níbẹ̀ ò lè gba iná láìnì náà tán, òrùka irin ló ń bu díẹ̀ fún un, àwa á wá fi iye kan sọ ọ́ di púpọ̀ padà. Ìwé wa ní kí a máa sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ọgọ́rin. Mo nu eruku lára irin náà, mo ka ohun tí wọ́n fín sí i. Ọgọ́ta.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó kọ ọgọ́rin. Àmì "bíi ti òkè" ni gbogbo wa ń fi síbẹ̀, ìlà kékeré méjì, ojú ewé lé ojú ewé, fún ọdún kan ààbọ̀. Mo ń tẹ̀ lé wọn lọ sókè bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ipa èèrà, títí mo fi dé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá ìdúnta. "Òrùka irin jó. A ti pààrọ̀ rẹ̀." Kékeré ló kù ní sítóò lọ́jọ́ náà, òun la fi sí i. Nínú àyè tó tẹ̀ lé e, níbi tó yẹ kí wọ́n ti kọ ọgọ́ta, àmì bíi ti òkè.

Ọwọ́ mi ni. Mo mọ bí mo ṣe ń fa ìlà mi.

Mo rántí ọjọ́ náà. Mo ń kánjú. Ẹ̀rọ Bọ̀dá ń dé lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ débẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi ọgọ́ta ṣe ìṣirò náà. Àdánù tòní jẹ́ mẹ́rìndínlógún. Èyí tí Máníjà pè ní mọ́kànlélógójì níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, mọ́kànlélógún ni. Iná tí a torí rẹ̀ kọ OLÈ sára ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó jí i. Kò fìgbà kan sí láyé. Èmi ni mo fi bírò dá a.

Ọjọ́bọ̀, 2

Mo sọ fún Baba Àkàbà. Ó mi orí. Mo ní, "Síìlì mítà Bọ̀dá tí a ò rí wá ńkọ́?"

"Síìlì tán ní sítóò lọ́dún tí wọ́n gbé mítà yẹn sí i. Ìdajì àdúgbò yìí ni ò ní."

"Ẹ sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ ò sọ̀rọ̀!"

"Ta ló bi mí?"

Mo lọ sọ fún Máníjà. Mo rò pé á bínú. Ó ti ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ní kí n fi ọgọ́ta sínú ìwé láti oṣù yìí lọ, kí n má fọwọ́ kan ti ẹ̀yìn. Ó nu 41 kúrò lára pátákó, ó kọ 16, ó fi róbótó yí i ká. "A mú olè, àdánù wálẹ̀. Èwo ló tún kù?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló kù."

"Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó rọra dá iná rẹ̀ padà. Ta ló máa rántí?"

Ìṣẹ́gun, 7

Ìwé ìgbóríyìn dé láti olú iléeṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. "Fún akitiyan rẹ̀ lórí mímú àwọn olè iná Láìnì Kẹrin." Orúkọ mi tí wọ́n kọ dáadáa nìkan ni òótọ́ inú rẹ̀. Mo dúpẹ́. Mo fọwọ́ méjèèjì gbà á, mo dúpẹ́!

Màámi ní Bọ̀dá ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọkùnrin kan tó jẹ́ pé Bọ̀dá fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Ojú sánmà ti ń ṣú, kò tíì rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà. Mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí olú iléeṣẹ́. Mo lẹ ọ̀kan mọ́ pátákó ibi iṣẹ́, lórí 16 tó ń dán. Mo gbé ìkẹta lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ojú pọ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kà á sókè. Pé èmi ni mo fi àmì síbi tó yẹ kí n kọ nọ́ńbà. Pé ìṣirò wa ló ṣì, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi. Pé mi ò bi í. Mo tún gbólóhùn yẹn kà. Mo wá fọwọ́ ya ìwé pupa kúrò lára ilẹ̀kùn. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ le, ó bu ọ̀dà ilẹ̀kùn lọ.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ẹnì kan ń ṣépè fún mi, mo gbà á. Bọ̀dá dúró títí wọ́n fi dákẹ́.

"Mo mọ̀ pé mi ò jalè," ló wí. "Mi ò nílò lẹ́tà fún ìyẹn. Oṣù méjì ni mo fi ń dúró kí ìwọ náà mọ̀ ọ́n láìsí lẹ́tà."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ká a, ó fi sápò. Ó ní kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ máa lọ. Kò ní kí n jókòó.

Ẹtì, 10

Wọ́n ní kí n lọ jókòó sílé ná, kí n sì dá kọ́kọ́rọ́ ibùdó padà. Ẹ̀sùn mi ni pé mo ba iléeṣẹ́ lórúkọ jẹ́. Máníjà ti kọ̀wé pé òun ló tú àṣìṣe náà síta.

Ìṣẹ́gun, 14

Òjò rọ̀ láàárọ̀, àkọ́kọ́ ọdún yìí. Nígbà tó dá, Baba Àkàbà pa iná òpópónà náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó gun òpó. Ó na ọwọ́ kọjá wáyà ìsàlẹ̀, ó so ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá mọ́ tòkè. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òtútù òjò ni.

Mo dúró lábẹ́ òrùlé òdìkejì títì. Bọ̀dá rí mi. Ó fi orí pè mí.

Férémù irin náà ti padà sára ògiri, ó bo ibi tó funfun yẹn pátápátá. Lẹ́tà mi ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ kó má ká, gíláàsì rẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ kà. Oníbàárà kan ti ń kà á lọ́wọ́, ó ń gbé ètè. Bọ̀dá ò sọ fún un pé èmi ni mo kọ ọ́.

Mo dúró títí oníbàárà náà fi lọ. Mo ní, "Bọ̀dá, fọ́tò yẹn ńkọ́?"

Ó ti ń wá awò dúdú rẹ̀ lórí tábìlì. Kò wojú mi.

"Ó wà lẹ́yìn ìwé yẹn. Mi ò yọ ọ́."

Ó dé awò náà mọ́jú, ó sì tan iná sí irin. Mo yíjú sí ògiri, torí wọn kì í fi ojú lásán wo iná bẹ́ẹ̀.